Ọ̀pá Páànù Tí Wọ́n Là ní Ẹ̀pẹ́

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà náà, ọ̀rọ̀ kan ló ká Fẹ̀hìntọlá lára jù: "ṣẹ́". Wọ́n ní ọ̀pá páànù tí Sàlàkọ́ ọkọ rẹ̀ ṣe fún mọ́ṣáláṣí àwọn ní Ẹ̀pẹ́ ti ṣẹ́.

"Igi ní í ṣẹ́," ó ní. "Egungun ní í ṣẹ́. Páànù garawa wo ló ń ṣẹ́? Ẹni tó kọ ìwé yìí, ṣé ó tilẹ̀ ti fọwọ́ kan páànù rí?"

"Ka ìyókù," Sàlàkọ́ ní.

Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Lásùnwọ̀n, ní Ìkòròdú, ó kọ etí sí ibi tí ohùn ìyàwó rẹ̀ ti ń wá. Ó tó ọdún mẹ́ta tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Èéfín òjé àti iná ẹwìrì ni wọ́n ní ó fà á. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ páànù o. Tí ó bá fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tí wọ́n ti jó páànù pọ̀ lọ, á sọ ibi tí òjé kò ti wọlé dáadáa fún ọ, kò ní í ṣì í. Ṣùgbọ́n Fẹ̀hìntọlá ló ń gé, òun ló ń ká, òun ló ń jó. Iṣẹ́ ń jáde lórúkọ ọkọ, kò sì dun obìnrin náà, torí orúkọ Sàlàkọ́ ni ayé ti mọ̀ láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Orúkọ náà ni oníbàárà ń bèèrè tí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà.

Ó ka ìyókù. Kíkà rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ wá òkúta nínú odò, torí àgbà ló ti mọ̀wé. Ọdún méjì péré ló fi lọ sí ẹ̀kọ́ àwọn àgbà lọ́dọ̀ Tíṣà Morìnsọ́lá. Tìrìmísíyù, akọ̀wé mọ́ṣáláṣí náà, ló fọwọ́ sí ìwé náà. Ó ní ọ̀pá náà ṣẹ́ nínú òjò, ó já lu Ládánì Bísíríyù tó fẹ́ lọ pe ìrun, eegun èjìká rẹ̀ sì yẹ̀. Ó ní páànù náà fẹ́lẹ́ jù, òjé rẹ̀ kò sì dì í mú. Ó ní bó bá di Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọn yóò kéde fún ìjọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé iṣẹ́ fún Sàlàkọ́ onípáànù mọ́, nítorí ewu.

Sàlàkọ́ ní, "Ó lè jẹ́ òjé náà ni lóòótọ́."

"Òjé wo?"

"Èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Àtàǹpàkò mi yìí ni mo fi tọ̀ ọ́ láti orí dé ìdí. Bóyá ọwọ́ mi náà ti ń parọ́ fún mi bíi ti ojú."

Ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn. Láti ìgbà náà, tí Fẹ̀hìntọlá bá gbé iṣẹ́ wá pé kí ó bá òun fọwọ́ tọ̀ ọ́, á ní kí ó gbé e kúrò níwájú òun. Ẹ wá wo ìyà. Ẹni tí ojú ti ń fi sílẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo tún fẹ́ gba ọwọ́ lára rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ọ̀pá náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọdún tí àyaba ìlú òyìnbó wá sí Nàìjíríà ni wọ́n ṣe é. Mọ́ṣáláṣí kékeré kan ni, létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Òrùlé rẹ̀ wà ní apá kan àgbàlá, táńkì omi àlùwàlá wà ní apá kejì, wọ́n sì fẹ́ kí omi òjò ti orí òrùlé gba òkè àgbàlá kọjá bọ́ sínú táńkì. Wọn kò fẹ́ òpó kankan láàárín, torí ibẹ̀ ni èrò ń tẹ́ ẹní sí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé òkú sí tí wọ́n bá fẹ́ kírun sí i lára. Ogún ẹsẹ̀ bàtà ni láti ògiri dé táńkì. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní kí wọ́n lọ ra irin l'Ékòó. Òmíràn ní kí wọ́n gbẹ́ igi ọ̀pẹ. Sàlàkọ́ ní garawa tó.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ garawa kẹrosíìnì? Páànù rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ewé, ẹnikẹ́ni lè fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n tí o bá ká a róbótó, tí o sì jó etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, agbára mìíràn á wọ inú rẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ ewé ìbẹ́pẹ tí àwọn ọmọdé fi ń fọn fèrè. Kí ló wà nínú rẹ̀? Afẹ́fẹ́ lásán. Awọ fẹ́lẹ́ ló yí afẹ́fẹ́ po, síbẹ̀ ó ń gbé ewé tó tóbi ju orí ènìyàn lọ sókè nínú ìjì. Tọkọtaya náà tẹ́ garawa méjìdínlógún, wọ́n ká wọn, wọ́n jó wọn pọ̀ di ọ̀pá kan. Sàlàkọ́ fọwọ́ tọ gbogbo ojú òjé. Wọ́n gbé e kọ́ sórí àgbàlá. Ó gbé òjò oṣù Kẹrin, ó gbé ti oṣù Karùn-ún, ó gbé ti oṣù Kẹfà tí í ya ilé. Nígbà tí àwọn ará mọ́ṣáláṣí rí i pé kò mira, wọ́n fi ìkọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, wọ́n fi búta àlùwàlá mẹ́jọ kọ́ ọ. Kò mira síbẹ̀.

Ìgbà náà ni wolé-wolé dé. Ó wo orí ọ̀pá, ó wo ìdí rẹ̀, ó ní òun kò lè rí inú, òun kò mọ̀ bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i tí ojú yóò fi máa rí inú rẹ̀. Tìrìmísíyù kọ̀wé sí Ìkòròdú, ó bèèrè bóyá àwọn lè la ọ̀pá náà lórí láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Fẹ̀hìntọlá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ èsì. Ìwé àkọ́kọ́ tó kọ sí ìlú mìíràn láyé rẹ̀ nìyẹn. Ó kọ ọ́ kúkúrú, pé kí wọ́n má là á, pé òun ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá. Ìdérí tó ṣeé ṣí wò tí òun fẹ́ wá fi sí orí àti ìdí ọ̀pá náà wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọ ìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ kò tí ì yá tó bẹ́ẹ̀. Iléyá kò sì tí ì dé tí lẹ́tà "ṣẹ́" yìí fi dé.

Ní Ọjọ́rú, ó di páànù díẹ̀, òjé, irin ìjó àti àlùmọ́gàjí sínú aṣọ.

"Kí lo fẹ́ lọ sọ fún wọn?" Sàlàkọ́ bèèrè.

"Mi ò lọ sọ nǹkan kan. Wọ́n ní nǹkan kú, mo fẹ́ lọ wo òkú rẹ̀."

Nínú ọkọ̀ ojú omi tí Lùkúmàn ń tù, àwọn mẹ́ta ló ń sọ ọ̀rọ̀ onípáànù tí iṣẹ́ rẹ̀ já lu ládánì. Wọn kò mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ló jókòó sáàárín wọn. Ọ̀kan ní láti ìgbà tí àwọn onípáànù ti ń po eérú mọ́ òjé ni òun ti mọ̀ pé irú ẹ̀ á ṣẹlẹ̀. Fẹ̀hìntọlá wo omi. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni gbé egungun ẹja mì.

Ní Alámìsì, ó dé àgbàlá mọ́ṣáláṣí. Ọ̀pá náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó wé bí aṣọ tí wọ́n fún tán tí wọn kò sá. Ó kúnlẹ̀ tì í. Ó fi àtàǹpàkò tọ ojú òjé bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kà. Kò sí ọ̀kan tó ṣí. Páànù kò ya níbì kan. Lẹ́yìn náà ni ó rí ohun tó wà lórí ọ̀pá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ojú ibi tí ọ̀bẹ ti gbà, gbọọrọ, bí ẹni tó la inú ẹja.

"Ta ló là á?" ó bèèrè.

"Ṣé ìwọ ni ìyàwó onípáànù?"

Tìrìmísíyù ló ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, gègé ìkọ̀wé méjì wà ní àpò rẹ̀. Ọmọ náà kò tó àbúrò tí ìyá Fẹ̀hìntọlá bí kẹ́yìn, "ìwọ" ló sì fi ń kí àgbàlagbà.

"Èmi ni, ọ̀gá akọ̀wé," Fẹ̀hìntọlá ní, ó rọra fa "ọ̀gá" náà gùn. "Ẹ̀yin wo ló là á?"

"Kí ló dé tí ọkọ rẹ kò wá fúnra rẹ̀? Ojú ń tì í?"

"Ojú ń dùn ún. Ojú tó ń tini, ó ṣì ń wá ẹni tó máa bá lọ. Mo ní ta ló là á?"

Nígbà náà Lèmọ́mù Ṣàmsúdéènì ti gbọ́ ohùn wọn, ó jáde wá, wọ́n tẹ́ ẹní fún un lábẹ́ òrùlé. Ìyá Àdínì Rọ̀kíbátù, olórí àwọn obìnrin, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ládánì Bísíríyù náà jókòó, wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Fẹ̀hìntọlá kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì ní òun kò wá fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òun ti kọ̀wé sí wọn lórí ọ̀rọ̀ lílà yìí.

"A ó dé orí ìwé," Tìrìmísíyù ní. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti páànù. Lèmọ́mù, lílà kọ́ ló fà á. Ọ̀bẹ lásán ni mo fi là á. Mi ò yọ páànù kankan kúrò níbẹ̀, kò dín, kò kù. Tí ẹ bá gbé e lé òṣùwọ̀n, bó ṣe wúwo tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe wúwo. Báwo ni nǹkan tí ẹnì kan kò bù lára rẹ̀ ṣe máa dín lágbára? Páànù ló fẹ́lẹ́. Òjé ló rọ̀."

Lèmọ́mù mi orí. Ọ̀rọ̀ náà jọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Ìyẹn gan-an ló bí Fẹ̀hìntọlá nínú, pé irọ́ lè wọ aṣọ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Ìyá Àdínì ṣàánú fún òun ní ẹyin iná díẹ̀.

Ó tú ẹrù rẹ̀. Ó gé páànù méjì, ó fi ọ̀kan lé èkejì kí gbogbo wọn rí i pé wọ́n dọ́gba. Ó ká méjèèjì róbótó bí apá ènìyàn. Ó jó etí ọ̀kan pọ̀. Ti èkejì, ó jẹ́ kí etí méjèèjì kàn fẹnu ko ẹnu, kò fi òjé sí i. Kò yára. Àwọn tó ń wò ó kò rí i rí kí obìnrin jó páànù, Ládánì sì ní, "Ìyẹn ni pé Sàlàkọ́ ń jẹ, ìwọ lò ń sè."

"Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sè é, Bàbá Ládánì."

Nígbà tí òjé tutù, ó gbé èyí tó jó fún Tìrìmísíyù. "Ọ̀gá akọ̀wé, ẹ bá mi lọ́ ọ. Ọwọ́ kan síwájú, ọwọ́ kan sẹ́yìn, bí ẹni tó ń fún aṣọ."

Tìrìmísíyù lọ́ ọ. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, fìlà rẹ̀ yẹ̀ sórí etí. Páànù kò dá a lóhùn. Lùkúmàn ọlọ́kọ̀, tó tẹ̀lé obìnrin náà wá wo ìran, ní kí wọ́n gbé e wá. Apá Lùkúmàn ni apá tó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́. Òun náà lọ́ ọ, ó lọ́ ọ, ó gbé e sílẹ̀, ó nu ọwọ́.

Fẹ̀hìntọlá wá gbé èyí tí kò jó fún Ìyá Àdínì, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ìka rẹ̀ ti ká kò. "Ẹ lọ́ ọ fún mi, Ìyá."

Ìyá Àdínì rọra yí ọwọ́. Páànù náà wé mọ́ ara rẹ̀ bí gèlè.

"Subuhánalláhì," ó ní, ó sì tún un lọ́ padà, ó tún lọ́ ọ, bí ẹni tó rí ohun ìṣeré.

"Páànù kan náà ni?" Lèmọ́mù bèèrè.

"Kan náà ni, Bàbá. Ìṣojú yín ni mo ti gé e."

"Kí ló wá sọnù lára èyí?"

Fẹ̀hìntọlá mú èédú, ó fà á kọjá lórí ojú ibi tí etí méjèèjì ti pàdé, ìlà kan ṣoṣo tó gba orí etí ọ̀tún bọ́ sórí etí òsì. Ó ní kí Ìyá Àdínì tún lọ́ ọ. Ìlà náà já sí méjì: ìdajì kan lọ síwájú, ìdajì kejì bọ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ wò ó. Etí méjèèjì kò jìnnà síra wọn o. Wọ́n ń yọ̀ kọjá ara wọn ni, bí ojú àlùmọ́gàjí méjì. Ohun tí páànù ń fẹ́ ṣe nìyẹn nígbàkígbà tí nǹkan bá fẹ́ lọ́ ọ. Òjé tó wà láàárín wọn ló ń sọ fún wọn pé, ẹ dúró, kò síbi tí ẹ ń lọ. Tí etí kò bá ti lè yọ̀, ọ̀pá kò lè lọ́. Bó bá fẹ́lẹ́ bí ìwé, kò lè lọ́. Ẹ wá fi ọ̀bẹ gba ìdádúró yẹn kúrò, ẹ fi búta mẹ́jọ fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ da òjò oṣù Keje lé e. Ẹ̀yin wá bi mí pé kí ló dé. Ẹ lọ wo ìpẹ̀kun ọ̀pá yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Etí kan fi ìka méjì gùn ju èkejì lọ. Ṣé garawa ló tún dàgbà?"

Lùkúmàn lọ wò ó. Ó fi ìka méjì lé e. Ó wẹ̀yìn, ó mi orí sí Lèmọ́mù pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Èmi tó já lù," Ládánì Bísíríyù ní, "kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Wọ́n kàn ń kọ̀wé nípa èjìká mi. Nǹkan yẹn kò ṣẹ́. Mo wà lábẹ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ yí padà, jẹ́ẹ́, bí ẹni tó sùn tó fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ kejì lélẹ̀. Ó da omi lé mi lórí, ó da búta tẹ̀lé e, mo ṣì ń wo búta ni òun fúnra rẹ̀ wá bọ́ kúrò lórí ògiri."

"Ẹ ò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀," Lèmọ́mù ní.

"Akọ̀wé ní òun ti kọ ọ́."

Gbogbo ojú yí sí Tìrìmísíyù. Ó dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ó dáa," ó ní. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo gbà. Ká sọ pé lílà ló fà á. Ta ló wá ní ká là á?"

Ó wọlé lọ, ó gbé ìwé kan jáde, ó kà á sókè, ohùn rẹ̀ ń dún bíi ti ẹni tó ń ka ìwé ní kóòtù: "Ẹ máa la páànù náà. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá. Èmi ni Fẹ̀hìntọlá, fún Sàlàkọ́." Ó ká ìwé náà. "Ọwọ́ rẹ̀ rèé. Òun ló ní ká máa là á. A là á. Ó wá ń bá wa jà."

Ìyá Àdínì gbé páànù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Fẹ̀hìntọlá wo ìwé tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Àṣé òun ni? Ọdún méjì lórí bẹ́ǹṣì ọmọ iléèwé, ẹsẹ̀ kò gba abẹ́ tábìlì, àwọn aládùúgbò ń bú u pé ọmọ kíláàsì kìíní ti ń hu ewú. Ìwé àkọ́kọ́ tó kọ ló wá mú kí èjìká ládánì yẹ̀, òun ló fẹ́ ba orúkọ ọkọ rẹ̀ jẹ́? Ó rò ó wò pé kí òun bẹ̀bẹ̀, kí òun kó ẹrù, kí òun máa lọ. Ó rántí ọwọ́ méjì tó wà lábẹ́ itan ní Lásùnwọ̀n.

"Ẹ fún mi ní ìwé náà," ó ní.

Ó fi ìka tọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ó tún un tọ̀. Nígbà tó gbé ojú sókè, ìbínú tó wà lójú rẹ̀ kì í ṣe èyí tó gbé wá láti Ìkòròdú mọ́. Èyí dákẹ́.

"Bàbá," ó ní fún Lèmọ́mù, "mo mọ̀ pé ìwé àwọn òyìnbó kọ́ lẹ kọ́. Ojú yín nìkan ni mo fẹ́ yá. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ló wà lórí ìlà yìí. Ẹ wo ìkẹrin, òun ni páànù. Kí lẹ rí lórí rẹ̀?"

Lèmọ́mù gbé ìwé náà sún mọ́ ojú. "Nǹkan kékeré kan wà lórí rẹ̀. Ó ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ejò."

"Ìkarùn-ún ńkọ́, èyí tí í ṣe náà?"

"Ejò wà lórí òun náà."

"Ejò ni Tíṣà wa ń pè é. Ó kọ́ wa pé ohùn tó bá fa gùn, kí á fi ejò lé e lórí. Páànù gùn, mo fi sí i. Náà gùn, mo fi sí i. Ẹ wá wo ìkejì. Kí ló wà lórí rẹ̀?"

Lèmọ́mù wò ó, ó yí ìwé sí oòrùn. "Kò sí nǹkan kan."

"Kò sí nǹkan kan. Torí 'má' ni mo kọ. Ẹ má. Tó bá jẹ́ 'máa' ni, ejò á wà lórí rẹ̀. Ṣé èmi tó rántí fi ejò sórí páànù, tó rántí fi sórí náà, ṣé èyí tí orúkọ ọkọ mi so rọ̀ sí ni mo máa gbàgbé?"

Ìwé náà ló wà lọ́wọ́ Lèmọ́mù gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́: *Ẹ ma la pãnu nã.*

"Ta ló tún ń wo ìyẹn?" Tìrìmísíyù ní, ṣùgbọ́n ohùn kóòtù ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Àwa tí a ń kọ̀wé lójoojúmọ́, a kì í fi í sí i mọ́. Ènìyàn kàn máa ń mọ ohun tó fẹ́ sọ. Wolé-wolé sì ti fẹ́ kí inú rẹ̀ ṣí, ẹni tó bá kà á…"

"Ẹ kà á bó ṣe wù yín," Fẹ̀hìntọlá ní. "Ẹ ti yọ ọ̀bẹ kí ìwé mi tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ̀ ń jù ú sílẹ̀ bó ṣe wù yín, àwa tí a kò kà tó yín, àwa là ń ṣọ́ àmì. Tó bá wá bàjẹ́, ẹ ó ní páànù fẹ́lẹ́."

Lèmọ́mù ká ìwé náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Nígbà tí mo ń kọ́ kéwú," ó ní, "wọ́n ti nà mí rí nítorí àmì tó kéré ju èyí lọ. Akọ̀wé, kò sí ìkéde mọ́." Ó yíjú sí obìnrin náà. "Ọ̀rọ̀ ti tán. Máa lọ sílé, bá mi kí Sàlàkọ́."

Ìyá Àdínì ti ń dìde. Lùkúmàn ti ń wá bàtà. Fẹ̀hìntọlá kò kúrò lórí eékún rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Kò tí ì tán. Orúkọ ọkọ mi ti wọkọ̀ ṣáájú mi. Ẹni mẹ́ta ló ń sọ ọ́ nínú ọkọ̀ tí mo bá wá. Tí ẹ bá dákẹ́ lọ́la, ohun tí wọ́n ti gbọ́ náà ni wọ́n máa gbọ́. Mo fẹ́ kí ẹ kéde."

"Wọ́n ti gbà fún ọ, ọmọ mi," Ìyá Àdínì ní. "Má jẹ́ kó dìjà."

"Ìjà kọ́, Ìyá. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà ọ̀gá akọ̀wé ti dé, ọkọ mi kò fọwọ́ kan iṣẹ́ mọ́. Ó ní ọwọ́ òun ń parọ́. Ẹni tó sọ ọ́ di òpùrọ́ lójú ara rẹ̀ ni kó dìde sọ ọ̀rọ̀ míì."

"Akọ̀wé jẹ ẹ́ ní gbèsè ọ̀rọ̀ yẹn," Ládánì ní. "Ó jẹ èmi náà. Èjìká mi ni; mo fẹ́ gbọ́ ẹni tó mú kó yẹ̀."

Ó sùn sí ilé Ìyá Àdínì. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, àgbàlá kún dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn ìrun, Tìrìmísíyù dìde. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ìjọ, ọ̀rọ̀ ọ̀pá páànù wa. Èdè àìyedè díẹ̀ ló wáyé láàárín àwa àti onípáànù…"

Láti ibi tí àwọn obìnrin jókòó sí, ohùn Fẹ̀hìntọlá jáde, kò pariwo: "Láàárín ta àti ta?"

Orí gbogbo yí padà. Lèmọ́mù ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀, kò gbójú sókè. "Akọ̀wé," ó ní, "dá wọn lóhùn."

Tìrìmísíyù gbójú kúrò nílẹ̀. "Èmi ni," ó ní. "Obìnrin náà ní ká má là á. Èmi ni mo ṣì í kà, èmi ni mo là á. Òjé onípáànù dì í mú títí dìgbà tó já. Kò sí àbùkù nínú iṣẹ́ rẹ̀."

Apẹja kan láàárín èrò ní, "Akọ̀wé, 'má' lásán ló ṣe ọ́ báyìí?" Ẹ̀rín sọ. Fẹ̀hìntọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ohun tó wá gbọ́, ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó lọ sí etí omi.

Ọjọ́ kejì, ọkọ̀ Lùkúmàn dúró ní Ẹ̀jìnrìn láti já èrò. Fẹ̀hìntọlá bọ́ sílẹ̀ láti na ẹsẹ̀. Obìnrin kan, Kúbúrá, tó ń ta ẹní lórí ìyẹ̀pẹ̀ etí omi wò ó sókè, ó wò ó sódò.

"Àbí ìwọ kọ́ ni ìyàwó onípáànù Ìkòròdú?" ó ní. "Ìyẹn tí ọ̀pá rẹ̀ pa ládánì ní Ẹ̀pẹ́? Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ẹ̀."

Pa. Ládánì tó fi ẹnu ara rẹ̀ pe ìrun Jímọ́ọ̀ lánàá. Fẹ̀hìntọlá wo ìlà àwọn tó ń tajà létí omi: ẹlẹ́ja, oníṣu, àwọn ọkùnrin méjì tó ń tún àwọ̀n ṣe, gbogbo wọn ti ya etí.

"Ìyá Àpínkẹ́," Lùkúmàn fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pe Fẹ̀hìntọlá láti inú ọkọ̀, "a ti fẹ́ ṣí o."

"Ẹ wa ọkọ̀ yín lọ," ó ní. "Tí ẹ bá dé, ẹ bá mi sọ fún Bàbá Àpínkẹ́ pé òjé náà dì í mú. Ẹ sọ fún un pé wọ́n sọ ọ́ níwájú gbogbo ìjọ. Kí ó kó ọwọ́ rẹ̀ jáde, iṣẹ́ wà nílẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

Fẹ̀hìntọlá bọ́ bàtà, ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn ẹní Kúbúrá láìtọrọ àyè.

"Ta ló sọ fún ọ?" ó ní. "Dárúkọ ẹni náà fún mi, kí n lè mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀."